Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Tí Dádì Ń Mu

Òórùn tó jí mi ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn kì í ṣe ti àkàrà tí Mọ́mì ń dín. Ó dà bí ẹ̀pà sísun tí wọ́n rì bọ omi iyọ̀, inú ife kékeré ọwọ́ Dádì ló sì ti ń wá. Ìlú Richardson, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, là ń gbé nígbà náà. Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún un ní ìgò ohun tó ń mu náà: ṣẹ́rì, wáìnì funfun tí kò dùn rárá.

Dííkínì ni Dádì ní ìjọ wa. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ní kí wọ́n yọ Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, nítorí agolo bíà kan tí wọ́n rí nínú ọkọ̀ rẹ̀. Bí a bá ti ń gbàdúrà àárọ̀, Dádì á ní, "Amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé ò rí ọ, ti òkè ń wò ọ́."

Ṣùgbọ́n ṣẹ́rì kì í ṣe ọtí. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni. Dádì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni ń wàásù: wọ́n á da ògógóró àjàrà díẹ̀ sí wáìnì, wọn ò ní jẹ́ kí àgbá kún, kí ìwúkàrà funfun lè rí àyè bo ojú wáìnì náà bí aṣọ. Wọ́n á to àgbá léra. Bí wọ́n bá bu èyí tó gbó nísàlẹ̀, wọ́n á fi tuntun òkè dí àyè rẹ̀. "Àgbà ló ń tọ́ èwe," ni Dádì wí. Mọ́mì béèrè bóyá ògógóró inú rẹ̀ náà jẹ́ oògùn. Dádì ní kó má fi ọ̀rọ̀ ìlera ṣeré.

Ní Sátidé mìíràn, Mọ́mì pe Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun wá jẹ àkàrà láìsọ fún Dádì. Ó jókòó, kò lè wo Dádì lójú. Mọ́mì bu ṣẹ́rì, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"Ṣẹ́gun, mu ún. Dádì Bọ́lá ní oògùn ni."

Ó gbóòórùn rẹ̀, ó rọra gbé e padà sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ọtí ni. Mo ti fi ọtí sílẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti yọ mí."

Dádì tẹjú mọ́ àkàrà bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde níwájú ìjọ, ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ ti bá òun sọ̀rọ̀ nípa arákùnrin kan. Bùrọ̀dá Ṣẹ́gun padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Mọ́mì, tí Ẹ̀mí Mímọ́ gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ṣe àmín bíi ti gbogbo èèyàn.

Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé bí mo bá dàgbà, ohunkóhun tí mo bá ń mu, orúkọ rẹ̀ gan-an ni màá pè é. Mo ti dàgbà báyìí. Ṣẹ́rì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi níbí ní Dallas, bí ará ìjọ bá sì béèrè, mo máa ń sọ pé ọbẹ̀ ni mo fi ń sè. Ọbẹ̀ kankan ò tíì fẹnu kàn án.