Ilẹ̀kùn tó Kọjú sí Ìwọ̀-Oòrùn

Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún kan tí kò lórúkọ wà láàrin àwa ará etí adágún, àwa tá a wà nílẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Mo mọ̀ pé Verna Mandamin ló wà nínú ìwé ìjọba. Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Orúkọ tí àgbà fi ń fa ọmọ lé àwọn ẹni iwájú lọ́wọ́, èyí tí wọ́n á fi dá a mọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, Verna ò ní in. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìjọba gbé mọ́tò wá, tí wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì fi í fún tọkọtaya òyìnbó kan tó ń dáko àlìkámà. Kó tó padà, ìyá ti kú, èdè wa ti pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rìn láàrin wa bí àlejò tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ojú ń tì láti bèèrè.

Iṣẹ́ ló mú un wálé. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní ìlú Winnipeg ló ti ń ṣiṣẹ́: ayàwòrán ilé, ẹni tó ń fètò sí títì, ẹni tó mọ ibi tó yẹ kómi gbà, gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé kan. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé ọgbọ́n àwọn onílẹ̀ làwọn fi ń kọ́lé. Verna ni ọgbọ́n ọ̀hún! Bí wọ́n bá ń wá iṣẹ́ lọ́wọ́ ìlú kan, òun ni wọ́n á tì síwájú; bí iṣẹ́ bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ tán, ó dẹ̀yìn. Graeme, ọ̀gá rẹ̀, tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é ní "Àǹtí wa." Ẹ ò ráyé!

Nígbà tí ìlú wa fẹ́ kọ́ ilé tí àwọn arúgbó yóò máa gbé, Graeme di tábà fún Verna pé kó gbé e lọ fún Màmá Eunice Kejick, àgbà gbogbo wa, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ojú màmá ti bò, ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ló mọ̀ yàtọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, tábà kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, ẹni tó gbé e wá sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó bá gbọ́.

"Ta ló bí ẹ?" ni màmá bi í.

"Rosalie ni ìyá mi, mà."

"Rosalie tí ẹ̀rín rẹ̀ ń jí ajá lójú oorun? Hẹ̀n. Jókòó, kó o bá mi jẹ ẹja. Ìwọ ọmọ tí òyìnbó tọ́, ṣé o mọ egungun yọ?"

"Mò ń kọ́ ọ, mà."

"Lọ́gọ́ta ọdún! Rọra o. Má jẹ́ kó há ẹ lọ́fun, kí wọ́n ní èmi ni mo pa ẹ́."

Màmá gba tábà náà, ó sì sọ̀rọ̀. "Gíláàsì ni, páànù ni, èyí tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn ni kí ilẹ̀kùn kọjú sí. Ìwọ̀-oòrùn lòkú ń gbà lọ. Ẹ ò gbọdọ̀ fi alààyè gba ibẹ̀ wọlé. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà." Verna wá fa tábà kejì yọ nínú àpò ara rẹ̀. "Èyí tèmi ni. Ẹ dákun, ẹ bá mi wá orúkọ mi."

Màmá fọwọ́ ra tábà náà títí. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ kọ́ ọ tán ná. Lọ́jọ́ tá a bá ṣí i, inú ẹ̀ ni màá ti sọ ẹ́ lórúkọ, lójú gbogbo ẹbí ìyá ẹ."

Verna fẹkún wa mọ́tò dé Winnipeg.

Oṣù karùn-ún, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níhà ìlà-oòrùn, páìpù ò ráyè kọjá, títì sì wà níhà kejì. Graeme kàn yí àwòrán ilé náà po, ilẹ̀kùn bọ́ síwọ̀-oòrùn. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn ò ní gbà á àfi kí Verna fọwọ́ sí ìwé pé Màmá Eunice gbọ́ sí i, ó sì fara mọ́ ọn.

"Àǹtí wa, ẹ kàn bá wa fọwọ́ sí i."

"Graeme, mo sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn fún yín."

"A máa fi fèrèsé ńlá síhà ìlà-oòrùn. A tún máa ya idì sára ilẹ̀kùn. Ó máa rẹwà!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹwà?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dá a dúró. Òtútù á dé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé màmá yẹn máa dúró dè wá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Bí màmá bá kú, orúkọ bá a lọ nìyẹn. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Verna mú bírò. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé màmá ò kúkú ríran, ta ló fẹ́ lọ sọ fún un? Ẹ má bá mi fọ̀rọ̀ dídùn bò ó o. Ojú fífọ́ àgbàlagbà ló fi ṣe ìfà jẹ.

Ọjọ́ tí a ṣílé náà, a dáná ìrẹsì adágún àti ọbẹ̀ ẹja. Ẹbí Rosalie tó bí ogójì tò sínú pálọ̀, wọ́n ń dúró de orúkọ tí wọn yóò kígbe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, sí igun mẹ́rin ayé. Doreen, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Verna, ló rán síkẹ́ẹ̀tì onírìbọ́nì tí Verna wọ̀. Graeme fúnra rẹ̀ ló ń ti àga onítáyà màmá, nítorí àwọn ayafọ́tò. Verna di ilẹ̀kùn mú.

Wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, màmá nawọ́ sókè. "Dúró. Aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́wàá, mà," Verna dáhùn.

"Mẹ́wàá àárọ̀. Kí ló dé tí oòrùn fi ń ta mí lójú?"

Verna túbọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá," Graeme rẹ́rìn-ín, "inú ilé tutù dáadáa." Ó sì tì í wọlé.

Verna kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàrin pálọ̀.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i?"

"Èmi ni, mà. Ẹ̀rù ló bà mí pé ilé ò ní parí kí ẹ tó…"

"Kí n tó kí ni? Sọ ọ́ jáde."

"Kí ẹ tó kú, mà."

"O sì rò pé afọ́jú ò ní mọ̀." Màmá mí kanlẹ̀. "Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin nítorí ẹ, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí. Wọ́n fi orúkọ ẹ hàn mí. Ó dáa, Verna. Ó dùn lẹ́nu. Látìgbà yẹn ni mo ti ń pè é."

Gbogbo ẹbí ya ẹnu sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ ti gbé mi gba ọ̀nà òkú wọlé. Òkú kì í sọmọ lórúkọ."

"Màmá, mo bẹ̀ yín! Ẹ jẹ́ ká jáde. Ẹ jẹ́ ká lọ sétí omi."

"Mo ti wọlé ná."

Doreen ló kọ́kọ́ yíjú kúrò. "Ọbẹ̀ ń tutù o," ló wí, gbogbo wọn sì lọ jẹun, wọ́n fi Verna sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni màmá lò nínú ilé náà. Gbogbo Sátidé ni Verna ń wá. Màmá a kí i, a bi í léèrè iṣẹ́, a bá a ṣàwàdà, kò fojú burúkú wò ó rí. Orúkọ nìkan ni kò dá. Nígbà tí yìnyín dé, ó kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Verna lọ bá obìnrin tó ń wẹ màmá, àlejò láti òkè òkun tí kò gbọ́ èdè wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbọ́ kí màmá máa pe orúkọ kankan?"

"Ojoojúmọ́, mà! Bí mo bá ti ń da omi sí i lára, á máa pè é, á máa rẹ́rìn-ín. Tó bá ti gbóhùn yín ló máa ń dákẹ́."

Verna di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ bá mi pè é."

Obìnrin náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. "Ó gùn díẹ̀, mà," ló wí. "Ẹ má bínú. Mi ò lè pè é."