Ẹṣin Onígbàjámọ̀

Láti ìgbà tí onígbàjámọ̀ yìí ti ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì, bákan náà ló máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹṣin ọwọ́ ọ̀tún á ṣíwájú, bíṣọ́ọ̀bù á tẹ̀ lé e. Níbi ìdíje Sátidé, ó gbé ẹṣin náà, àṣé télọ̀ tó jókòó níwájú ẹ̀ ti mọ ọ̀nà ẹ̀ bí ẹní mowó. Kò tilẹ̀ ronú kó tó fèsì. Kí tíì onígbàjámọ̀ tó tutù, ọba ẹ̀ ti há.

Ó fi ìbínú ti àga sẹ́yìn. "Ọ̀dàlẹ̀ wo ló tú àṣírí mi fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń gẹ irun mi lẹ máa ń ṣàlàyé ẹ̀."

Ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà kan tí òun náà máa ń bá wọn díje ti ń dúró dè é lórí àga. Onígbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni fẹ́ fún un pa, ó tan kílípà.

"Aláìmoore ni télọ̀ yẹn. Mo gẹ orí ẹ̀, ó wá fi dójú tì mí. Kò burú. Lóṣù tó ń bọ̀, n ò ní gbé ẹṣin mọ́. Ọmọ ogun iwájú ayaba ni n ó kọ́kọ́ tì. Ẹ tẹrí ba dáadáa, kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín."