Èyí Tí Kẹ́hìndé Bá Fi Sílẹ̀

Látìgbà tí Màmá Ìbejì ti bí àwọn ọmọ rẹ̀, kò ra nǹkan ẹyọ kan rí. Bàtà méjì, ṣẹ́ẹ̀tì méjì, àní gúgúrú tó ń rà bọ̀ láti Ìjàgbò níbi tó ti ń ṣe tíṣà, ọ̀rá méjì ni. Ta ló bí ìbejì tó máa fún ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀? Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àìsàn mú Kẹ́hìndé. A ní ibà lásán ni, ibà lásán náà ló sì mú un lọ. Látìgbà náà ni obìnrin yìí ti ń sá fún ọjà.

Ṣùgbọ́n Táíyé ti wọ ilé ìwé gíga n'Ílọrin, kò sì sí bí èèyàn ṣe fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà láìní kọ̀ǹpútà. Ni Màmá bá gba ṣọ́ọ̀bù Àyànfẹ́ lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Ọ̀fà, tó ń ta láptọ́ọ̀pù lẹ́bàá ọjà. Àyànfẹ́ gbé méjì síwájú rẹ̀. Dúdú ni méjèèjì, iye kan náà ló ń tà wọ́n.

"Mummy, bọ́tìnnì tèyí máa ń tàn nínú òkùnkùn. Ìkejì ò tàn, àmọ́ bátìrì ẹ̀ lágbára jù. Èwo lẹ fẹ́?"

Màmá wò wọ́n títí. Wọ́n jọra ju bó ṣe yẹ lọ. Ó pe Táíyé lórí fóònù.

"Táyélolú, èwo ni kí n rà, èyí tó ń tàn àbí oníbátìrì?"

Ohùn Táíyé yí padà. "Mummy, èmi kì í kọ́kọ́ mú. Ẹ ṣáà ra èyí tí Kẹ́hìndé bá máa fi sílẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Táíyé ló kọ́kọ́ yọjú sáyé, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, òun ló sì ń kọ́kọ́ mú nínú ilé wọn, ì báà ṣe ẹran, ì báà ṣe bẹ́ẹ̀dì. Àbúrò á wá mú ìyókù tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ìyá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa dúró nípò ẹ̀gbọ́n láti mú. Ó dùn ún wọ egungun.

Kò ṣòro láti mọ èyí tí Kẹ́hìndé ìbá mú. Ọmọ náà kì í rí ohun tó ń tàn kó kọjá lára rẹ̀. Màmá fọwọ́ ti eléyìí tó ń tàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ti Kẹ́hìndé nìyẹn," ó wí. "Bá mi di ìkejì fún Táíyé."

Inú Àyànfẹ́ dùn. Ọlọ́jà wo ni kò fẹ́ oníbàárà tó bí ìbejì?

"Ẹ kú oríire, Mummy! Mi ò ní tà á fún ẹlòmíì. Kí Kẹ́hìndé ṣáà wá mú un nígbà tó bá ráàyè."

Màmá la ẹnu láti sọ fún un pé inú ilẹ̀ ni Kẹ́hìndé wà.

"O ṣé, ọmọ mi," ló sọ. "Bá mi tọ́jú ẹ̀ fún un."

Ó gbé ti Táíyé mọ́ àyà, ó sì sunkún gba títì lọ, lójú gbogbo ọjà.