Ṣọ́ọ̀kì Lára Ògiri Ìyá Bilqis

Jóṣúà oníná ló bi Àlímọ̀t ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní, "Màmá, níbo lẹ máa ń gbé orí sí tí ẹ bá fẹ́ sùn?"

Wáyà ilé náà ti gbó. Láyé bàbá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti fà á, rọ́bà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí bí èèpo ẹ̀pà. Ọjọ́ tí iná ṣẹ́ yọ lókè ilẹ̀kùn ọ̀ọ̀dẹ̀ ni ẹbí fẹnu kò pé kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fa tuntun. Inú Àlímọ̀t dùn. Yàrá iwájú ni tirẹ̀, èyí tó kọjú sí títì nínú ilé ìdílé àwọn ọkọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Ẹ̀sìtẹ́ńṣàn ló fi ń pín in fún fáànù, fóònù àti rédíò, bí abiyamọ tó ń pín ẹja kan fún ọmọ mẹ́ta.

"Ògiri ibí yìí ni mo ń gbé orí sí," ni Àlímọ̀t wí, "láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó. Méjì tó mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan fún fáànù, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi."

Jóṣúà yí ojú kúrò lára rẹ̀. Ògiri ló ń wò. Àlímọ̀t náà bá a wò ó. Nígbà tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ẹnìkan ti fi ṣọ́ọ̀kì fa àpótí kéékèèké sára rẹ̀, àmì ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì máa wà, méje, wọ́n tò lọ láti igun dé igun.

"Méje kẹ̀! Ṣé èmi nìkan náà ni, àbí mo ti di ilé iṣẹ́?"

"Alájì Àbúdù ló ní kí n fà á bẹ́ẹ̀, Màmá."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó súnmọ́ ògiri náà. Àwọn àpótí ọ̀hún kò sí nísàlẹ̀ níbi tí ẹni tó dùbúlẹ̀ lè nawọ́ sí. Gíga káńtà ni wọ́n wà. Ó ti rí irú rẹ̀ nílé kejì, níbi tí wọ́n ti sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù fóònù.

Àbúdù yìí ni àbúrò Mùsílíù ọkọ rẹ̀. Ọdún tí Àlímọ̀t wọlé, síléètì ló ṣì ń gbé lọ sílé-ìwé, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í sì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, bó ti wù kó kéré tó, ni Àlímọ̀t bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Orúkọ náà mọ́ ọn. Ó padà di akọ̀wé kóòtù ní Igbósẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ kan ni Àlímọ̀t bí, Bilqis. Ibà mú un lọ ní ọdún tó jáde ìwé mẹ́wàá. Mùsílíù kò pẹ́ tó fi tẹ̀lé e. Obìnrin tí kò lọ́kọ mọ́, tí kò sì lọ́mọ nílé ọkọ, ojú àánú ẹbí ló ń gbé. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́ jáde, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n.

Àbúdù dé ní ìrọ̀lẹ́. Àlímọ̀t kúnlẹ̀ kí i bó ti máa ń ṣe, ó sì dìde.

"Akọ̀wé, ọkọ mi, ta ló ń bọ̀ wá sùn sí yàrá mi?"

"Há, Ìyàwó wa! Ọjọ́ iwájú la kàn ń rò."

"Ọjọ́ iwájú ta ni?"

Àbúdù ń wo bàtà rẹ̀. "Yàrá ẹ̀yìn yẹn ò burú o. Ariwo mọ́tò ò dé ibẹ̀."

"Omi òjò ń dé ibẹ̀. Akọ̀wé, ọwọ́ yìí ni mo fi nu imú yín. Tí ẹ bá fẹ́ kí n kó jáde, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún mi. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì sọ ọ́."

Jóṣúà gbé òòlù sókè, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Àbúdù nu iwájú orí rẹ̀.

"Ó dáa. Jóṣúà, ṣe méjì fún wọn níbi tí wọ́n bá fẹ́. Ṣùgbọ́n gbẹ́ méje tọ̀hún náà, kí o fa wáyà wọn, kí o wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ wọn. A ò ní máa fọ́ ògiri kan lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá di ìgbà tí…"

Ó tún wo bàtà rẹ̀.

"Ìgbà tí kí ni, Akọ̀wé?"

"Ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́."

"Àmín," ni Àlímọ̀t wí.

Nígbà tí Jóṣúà parí iṣẹ́, Àlímọ̀t mú fọ́tò Bilqis tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e padà sókè ibùsùn, ó wá ìṣó.

"Màmá, ẹ má kan nǹkan kan mọ́bẹ̀ o! Wáyà wà lábẹ́ rẹ̀."

"Apá ibo ni mo lè kàn án sí?"

Jóṣúà fi ojú tọ ògiri náà láti igun dé igun. Fèrèsé ló gba ògiri kejì, kọ́bọ́ọ̀dù gba ìkẹta, ilẹ̀kùn gba èyí tó kù. "Ẹ gbé e lé àga, Màmá," ló sọ jẹ́jẹ́, ó sì ń kó irinṣẹ́ rẹ̀.

Àlímọ̀t gbé ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àga. Ó ki fáànù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, ó tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn sì fẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Lókè ibi tó ń gbé orí sí, sìmẹ́ńtì tútù méje dúdú lára ògiri. Ó jókòó, ó ń wo bí atẹ́gùn ṣe ń gbẹ wọ́n.