Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Túfọ̀ Bọ̀dá Kúnlé

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní Peckham, Sátidé ni ọjọ́ iṣẹ́ wa. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi ní Camberwell, nítorí náà ọ̀dọ̀ Mọ́mì Kúnlé, aládùúgbò wa, ni wọ́n máa ń fi mí sí láti àárọ̀. Mi ò kì í ṣe àlejò níbẹ̀ o. Màá gbálẹ̀, màá bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín títí ìka mi á fi hunjọ. Bí mo bá sì jí ẹran jẹ nínú ìkòkò, ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tó kàn: orí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ sókè, ojú sí ògiri.

Bọ̀dá Kúnlé, ọmọ kan ṣoṣo tí Mọ́mì bí, ló máa ń bá mi bẹ̀bẹ̀. Ìwé ni ọmọkùnrin yẹn fi ṣe oúnjẹ. Ó ń kàwé gboyè dókítà ní yunifásítì lórí ìtàn àwọn ìlú àtijọ́, ìwé sì kún fúláàtì débi pé a ní láti tì í sápá kan ká tó rí sófà jókòó. Ní òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn, á wọṣọ sójà, á lọ síbi táńkì ogun, torí ọ́físà ni láàárín àwọn sójà tó níṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe, tí ìjọba máa ń pè bí ogun bá dé. Tó bá ti ibẹ̀ dé, á kó àwa ọmọdé sínú páálí fìríìjì nísàlẹ̀ ilé, á ní èmi ni dírẹ́bà táńkì. Inú Mọ́mì ò dùn sí iṣẹ́ sójà yìí rárá. Wọ́n á ní ẹni tó mọ̀wé tó báyẹn, kí ló ń wá nínú irin? Ẹ̀rín ni Bọ̀dá fi ń dá wọn lóhùn.

Ogun dé lóòótọ́. Wọ́n pè é, ó lọ.

Sátidé kan, a ń se ráìsì lọ́wọ́ nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún. Ọkùnrin òyìnbó kan àti obìnrin dúdú kan ló dúró síbẹ̀, àwọn méjèèjì wọ súùtù. Bọ̀dá ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn olùkọ́ òun ní yunifásítì fẹ́ wá kí Mọ́mì, torí iṣẹ́ òun wú wọn lórí. Àwọn ni Mọ́mì rò pé ó dé. Inú wọn dùn bíi kí wọ́n fò. Ọkùnrin náà ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Mọ́mì gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní nílé àwọn, àlejò kì í fi ebi jíṣẹ́. Ó tún gbìyànjú, Mọ́mì ti wọ ilé ìdáná lọ. Mo gbé ráìsì àti dòdò síwájú wọn. Ọkùnrin náà ò fọwọ́ kàn án. Obìnrin yẹn wo Mọ́mì títí, ó mú ṣíbí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, omijé sì ń bọ́ sínú àwo. Mo rò pé ata ló ta á.

Ìgbà tí Mọ́mì rí ojú rẹ̀ ni wọ́n jókòó. Obìnrin náà di ọwọ́ wọn mú, ó ní iléeṣẹ́ ológun ló rán àwọn wá, ó sì sọ ọ́: bọ́ǹbù ba táńkì Bọ̀dá Kúnlé, ó ti kú. Háà! Mọ́mì ò ké. Wọ́n bi mí bóyá mo ti pa iná ráìsì. Mo ní mo ti pa á. Wọ́n tún bi mí. Mi ò rí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ṣófo báyẹn rí, ẹ̀rù ojú náà ṣì ń bà mí títí dòní.

Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ ni ìròyìn ikú fi ń rìn wá. Lónìí fóònù ló ń gbé e, kò ní jẹ́ kéèyàn mí. Èmi náà ti nílé tèmi ní Forest Hill, mi ò sì lè ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àlejò ò tíì wọlé tí mo ti ń bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Àwọn ọmọ mi ní mi ò lọ́yàyà. Ṣùgbọ́n Mọ́mì Kúnlé, tí wọ́n ti darúgbó gan-an báyìí, ṣì ń fi oúnjẹ ṣáájú ọ̀rọ̀. Mo bi wọ́n lẹ́nu àìpẹ́ yìí bí ara wọn ṣe ń gbà á, lẹ́yìn ohun tójú wọn rí.

Wọ́n ní, "Ìgbà tí obìnrin yẹn ń jẹun, ọmọ mi ṣì wà láàyè."