Wáyà Tí Wọ́n Fi Orúkọ Ọ̀rẹ́ Mi Pè

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí gbogbo Ìwó mọ̀: kò sí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tì wá sí ìsọ̀ mi tí wọ́n tún tì lọ sílé. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé jáde ní yunifásítì ń gbé ọ̀kadà wọn wá bá mi, wọ́n á sì dúró nínú oòrùn títí n ó fi dá wọn lóhùn. N kò yangàn o. Àkùkọ kì í tọrọ àyè kó tó kọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ọ̀kadà. Ti ẹja ni, àti ti ọ̀rẹ́.

Omi kan wà lẹ́yìn ìlú tí ìjọba sé láti ọjọ́ pípẹ́. Omi mímu ni wọ́n ń wá, ẹja ni àwa rí níbẹ̀. Àwọn apẹja tòótọ́ ń da àwọ̀n, wọ́n ń dẹ ìgèrè. Èmi tí mo ń lọ síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dẹwọ́, ìwọ̀ ni mo ń fà. Mo gé ọwọ́ ṣíbí kúrò, mo dán ojú rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà, mo so ìwọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, mo wá jẹ́ kí ọkọ̀ máa fà á lọ lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà. Ẹja ńlá tó ń jẹ ẹja kékeré, bó bá rí ṣíbí yẹn, á rò pé oúnjẹ ń sá lọ.

Eré ọkọ̀ ló ṣòro. Bó bá yára jù, ṣíbí á léfòó. Bó bá falẹ̀ jù, á rì, á há sára kùkùté. Ẹ́ńjìnnì kékeré tòkunbọ̀ tí mo kọ́ sí ìdí ọkọ̀ ní ọwọ́ kan tí à ń lọ́ bíi ti ọ̀kadà kí eré rẹ̀ lè pọ̀ tàbí kó dínkù, nítorí náà ìdí ọkọ̀ yẹn ni awakọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí. Mo sì sanra. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, imú ọkọ̀ á wòkè bí ẹni ń wá oṣù ààwẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì kù fún okùn ẹja. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan fa ẹja ńlá rí á mọ ohun tí mo ń sọ.

Mo ro ó. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà, ṣebí òkè là ń fà kí ohun tó wà nísàlẹ̀ lè gbọ́? Mo wá èyí tó gùn, mo so ó mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gba epo, mo fà á wá sí àárín ọkọ̀, mo sì kan irin kékeré kan mọ́ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi tí n ó máa fi fà á. Mo gé rọ́bà lára sílípáàsì àlòkù, mo fi sábẹ́ bóòtù irin náà kó má baà máa yọ̀ padà. Ibi tí mo bá fi í sí ni yóò wà. Ọ̀pá gígùn ni mo so mọ́ ẹ́ńjìnnì láti máa fi darí ọkọ̀. Mo wá jókòó sáàárín bí ọba, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ó ń gbọ́ tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi jókòó lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, wọ́n ń pè é tó lórí omi. Ilé kéwú kan náà la ti kọ́ álífù, wàláà kan la sì jọ ń lò nígbà tí tèmi fọ́. Òun náà ní ọkọ̀, ó ní ẹ́ńjìnnì bíi tèmi. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe ní kí n yí ọkọ̀ padà, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù fúnra rẹ̀, díẹ̀ ló kù ká dà sómi. Ọ̀rẹ́ mi di pákó mú gírígírí.

Ó ní, “Ìwọ ọkùnrin yìí, ìyàwó mi kéré sí opó o.”

Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó fà á. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí, á na wáyà, wáyà á sì fa epo sí i. Nígbà tí mo délé, mo tú u, mo jẹ́ kí wáyà náà ká roboto lẹ́bàá ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí, bí etí ìkòkò, kó lè ráyè nà. Láti ìgbà náà, bí mo bá yí ọkọ̀ bí òkòtó, ẹ́ńjìnnì kò ní pariwo. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní ó burẹ́wà, kí ló dé tí n kò fà á kó gún régé. Mo ní kó jẹ́ kó burẹ́wà bẹ́ẹ̀.

Àwọn apẹja omi yẹn ní àṣà kan. Ẹni tó bá mú ohun tuntun wá sórí omi kò gbọdọ̀ máa lò ó ní kọ̀rọ̀. Á gbé e wá sétí omi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á lò ó lójú gbogbo wọn, bàbá àgbà wọn tó tún jẹ́ àfáà á sì ṣàdúrà sí i. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ẹni náà ni wọn ó máa pe nǹkan ọ̀hún. Ìgèrè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin Olúpọ̀nnà kan tó ti kú tipẹ́. Mo rí ọmọ ọmọ rẹ̀ nígbà kan tó wá ra ẹja. Bó ti gbọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n gbé baba ńlá rẹ̀ sínú omi, ńṣe ló nàró, bí ẹni wọ agbádá.

Mo fẹ́ ìyẹn. N kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ mi kò sí lára ògiri kankan, kò sí nínú ìwé kankan. Mo fẹ́ kó wà lẹ́nu apẹja.

A ti mú Jímọ̀ kan. Ni ìyá ìyàwó mi bá jáde láyé ní Ilé-Ogbó, àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ sì bọ́ sí Jímọ̀ yẹn gan-an. Mo ní bóyá kí n lọ láàárọ̀, kí n sáré bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló bá mi wí.

Ó ní, “Wọn kì í sáré bọ̀ nílé àna. Lọ jókòó ti ìyàwó rẹ. Omi ò ní gbẹ. Jímọ̀ tó ń bọ̀ la ó ṣe é, èmi ni n ó sì jókòó síwájú ọkọ̀.”

Ìyàwó mi gbọ́ ọ níbi tó ti ń di ẹrù, ó sì ṣàdúrà fún un. Mo fi kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi bí mo ti máa ń ṣe.

Nígbà tí mo dé, apẹja kan ló kọ́kọ́ wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní kí n bá òun ṣe wáyà tó ń darí eré ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò pè é ní wáyà. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi ló pè é. Mo bi í ohun tó ń wí. Ó ní àṣé n kò tíì gbọ́, wọ́n ti ṣàdúrà sí i ní Jímọ̀. Mo wẹ̀yìn, mo wo ìṣó tí mo ń kọ́ wáyà sí. Èyí tó gùn jù lọ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo lọ bá bàbá àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, mo rò fún wọn látìbẹ̀rẹ̀. Tẹ̀sùbáà wọn kò dúró. Wọ́n bi mí bóyá mo ní ẹlẹ́rìí. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni ẹlẹ́rìí mi.

Wọ́n ní, “Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n àdúrà tí a ti ṣàmín sí, a kì í ká a kúrò lórí ẹnì kan ká gbé e lé ẹlòmíràn. Fi sùúrù sí i, ọmọ mi.”

Ìlú odídẹrẹ́ sì nìyí. Ohun tí ẹnì kan bá pè láàárọ̀, gbogbo ìlú ti ń pè é kí oòrùn tó wọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kò yọjú sí mi títí ẹ́ńjìnnì fi gbé e wá. Ó tì í wá nínú bárò, aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá yí ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń bú, lónìí ó ti da òun sómi. Mo wo wáyà rẹ̀. Ó fà á gbọọrọ, ó gún régé, ó dára wò. Kò ní etí ìkòkò.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó ní ńṣe ni òun fẹ́ fi dánra wò, àwọn èèyàn ló pé jọ. Ó ní, “Ẹnu wọn ló pè é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹnu mi.”

“Etí rẹ ńkọ́?” ni mo bi í. “Ó gbọ́, o sì dákẹ́.”

Ó wolẹ̀. Ó ní kí n fi ti wàláà ṣe, kí n sáà bá òun tún un ṣe kí òun má baà kú. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ọwọ́ mi tiẹ̀ ti mú sípánà.

Mo gbé e kalẹ̀. Mo ní, “Tì í lọ bá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kó tún un ṣe. Kí o tó rí i, máa fọwọ́ lọ́ ọ, bíi ti àtijọ́.”

Ó tì í lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì wọ ìsọ̀ mi tí wọ́n tún tì í jáde.

Báyìí, ìdí ọkọ̀ ló ń jókòó sí, ó ń fọwọ́ lọ́ ọ, imú ọkọ̀ rẹ̀ ń wòkè. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn. Mo ti bá àwọn apẹja mẹ́ta ṣe wáyà náà, pẹ̀lú etí ìkòkò rẹ̀, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi ṣe dáadáa.

Lọ́jọ́ kan mo ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sómi. Irin kékeré tí mo fi ń fa wáyà, mo máa ń tú u wálé kí wọ́n má baà jí i, mo sì ti gbé e sórí àga. Ìyàwó mi, tó ṣàdúrà fún ọkùnrin yẹn níbi tó ti ń di ẹrù òkú ìyá rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ má gbàgbé,” ó sì fi orúkọ ọ̀rẹ́ mi pe irin náà.

Ó gbọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Mo mú irin náà. Kí ni ì bá tún pè é? Èmi tí mo ṣe é kò tíì fún un lórúkọ kankan. Jímọ̀ ni mo ń dúró dè.