Bí Akọni Wa Ṣe Di Arúgbó

Bí ẹ bá bi mí lónìí bóyá ìwé yẹn dára tàbí kò dára, ẹ máa dúró pẹ́ kí ẹ tó gbọ́ èsì lẹ́nu mi. Mo ti kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bá a jà, mo ti sunkún lé e lórí, mo ti jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ti wọ́ ọ jáde padà. Síbẹ̀, ibi tí mo wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ni mo ṣì wà. Èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní downtown Calgary pé kí n máa wo data kí n sì sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fáwọn ọ̀gá!

Ìwé ńlá mẹ́ta ni òǹkọ̀wé tó kọ ọ́ ti kọ́kọ́ kọ ṣáájú rẹ̀, irú ìwé àròsọ tó ní idà, idán, ọba, àti máàpù níwájú kéèyàn má baà sọnù. Ọmọ ọlọ́kọ̀ kan ni akọni ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá odò. Ìkùukùu burúkú kan wá bo ìlú wọn, tó jẹ́ pé ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ kì í mọ̀nà ilé mọ́. Ọmọ yìí ló wa ọkọ̀ wọ inú ìkùukùu náà, tó pa ohun tó ń mí in jáde, tó sì gba gbogbo ìlú là. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fún mi ní ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà, ní winter tí mo kọ́kọ́ dé Calgary, tí mò ń gbé inú basement wọn ní Chestermere tí mi ò tíì ríṣẹ́. Wọ́n ní, “Gbà, máa ka eléyìí. Tó bá jẹ́ snow nìkan lò ń wò, orí ẹ máa dàrú.”

Bàbá wa wà nílé, ní Ìjẹ̀bú. Tíṣà ni Dádì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ìwé sì lóúnjẹ wọn, àfìgbà tí àìsàn ojú gba ìríran lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo rí i pé rédíò nìkan ló kù tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tó jẹ́ ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn, mo sì ń sọ ìwé náà fún wọn ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ geere rí. “Dúró ná. Nígbà tó lọ sójú ogun, ta ló fi sílé ti ìyá rẹ̀?” Mo máa ń sọ fún wọn pé ìwé ò sọ ìyẹn. Wọ́n á ní ìwé ò mọ nǹkan kan. Kò pẹ́ tí akọni náà fi di ẹbí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn mi, wọ́n á ní, “Ọmọ wa dà? Ó ti jẹun?” Obìnrin tó ń tọ́jú wọn sọ fún mi pé lọ́jọ́ Sátidé wọ́n á ti wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ tó dáa, wọ́n á jókòó ti fóònù bí ẹni tó ń retí àlejò.

Àlejò gan-an kò sì dé. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, mi ò padà lọ rí. Ẹ̀gbọ́n mi náà ò lọ. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé ká rí PR, ìwé ìgbélùú, gbà ná. Lẹ́yìn ìyẹn ó di ọ̀rọ̀ daycare, lẹ́yìn ìyẹn ó di iṣẹ́ tuntun tí wọn kì í tètè fúnni lísinmi. Ìtàn yẹn la fi ń lọ kí Dádì.

Àfi bí òǹkọ̀wé ṣe tún gbé ọ̀wọ́ ìwé míì dé. Ó ní òun fẹ́ máa bá ìtàn náà lọ. Ìwé méjì ti jáde nínú rẹ̀. Ọdún rẹpẹtẹ ti kọjá, akọni wa ti darúgbó. Orúnkún ń ro ó. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun ò mọ̀ ọ́n rí, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní ọkọ̀ wíwà, ti wa ọkọ̀ gba orí òkun lọ sílẹ̀ òkèèrè, kò sì wálé mọ́. Bàbá ń jókòó létí odò, ó ń wo omi. Ibẹ̀ ni ìwé kejì parí sí.

Ẹ wá wo ìjà! Láti Rundle títí dé downtown, nínú train, kì í ṣe ìwé ni mò ń kà mọ́, èébú tí àwọn òǹkàwé ń bu ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ẹnì kan á kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé yìí ti ba ìgbà èwe òun jẹ́, pé ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ ti tó, ta ló rán an níṣẹ́? Màá ní òótọ́ ni. Ẹlòmíì á ní rárá, òun ò tíì ka ìwé tó gbóyà tó báyìí, pé àwọn tó ń bínú kàn fẹ́ máa jẹ́ ọmọdé lọ ni. Màá ní òótọ́ nìyẹn náà. Mò ń mi orí fún tibí, mò ń mi orí fún tọ̀hún, bí alángbá. Lọ́jọ́ kan, mo kọjá ibi tó yẹ kí n bọ́ọ́lẹ̀.

Àwa ọmọ Nàìjíríà mélòó kan tá a fẹ́ràn irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń pàdé nínú basement ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ tá a jíròrò ìwé kejì, ẹ̀gbọ́n mi gbá a mọ́ orí tábìlì.

“Kí ni gbogbo rubbish yìí? Ẹni tó pa ìkùukùu! Wọ́n wá sọ ọ́ di bàbá tó ń fi ìpara ra orúnkún. Ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ń ra fantasy? Tí mo bá fẹ́ jìyà, ṣebí títì Deerfoot wà níbẹ̀ ní winter.”

Nọ́ọ̀sì kan tó kéré sí wọn dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, but for me that's the best part. Ní ward tí mo wà, gbogbo àwọn arúgbó ibẹ̀ ló ti jẹ́ akọni níbì kan rí. Who dey come see them? Na so life be.”

“Ìwọ tó ń wò wá ńkọ́?” Èmi lẹ̀gbọ́n mi kọjú sí. “Which side are you on?”

Mo ní òótọ́ wà lọ́rọ̀ wọn, òótọ́ sì wà lọ́rọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n lọ du ipò gómìnà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi dé ìdí mọ́tò, wọn ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, “Jọ̀ọ́, má sọ ìwé yẹn fún Dádì. Wọ́n máa rò pé àwọn là ń bá wí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ló máa pa wọ́n.”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọmọbìnrin mi ti já fóònù gbà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó ní, “Grandpa, guess what, there's more! He's old now, like you!” Inú Dádì ti dùn, wọ́n ti ń bèèrè. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Bí mo bá sọ ọ́, ó lè gún wọn lọ́kàn. Bí mi ò bá sọ ọ́, kí la máa wá máa sọ ní Sátidé? Mo fi ọ̀sẹ̀ kan sọ pé ara mi ò yá.

Nígbà tí mo wá pè, Dádì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí lánàá. Ó ti sọ bó ṣe parí fún mi. Ó ní ọmọbìnrin akọni wa ti padà wálé, gbogbo ìlú ló jáde lọ pàdé rẹ̀.”

Mo ní, “Háà.”

“Mo bi í pé kí lọmọ mú bọ̀ fún bàbá rẹ̀. Ó ní inverter.”

Inverter! Nílùú tó jẹ́ àtùpà elépo ẹja ni wọ́n ń tàn! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún náà sì fẹ́ pa mí. Mo mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Dádì bèèrè ohun tí gbogbo bàbá máa ń bèèrè, ẹ̀gbọ́n mi sì dáhùn ohun tó ti wà lọ́kàn àwọn fúnra wọn pé àwọn máa rà lọ sílé.

“Ìwọ ńkọ́?” ni Dádì wí. “Kí nìwọ rí nínú ìwé náà?”

Nílé wa, àbúrò kì í dúró níwájú Dádì kó sọ pé irọ́ lẹ̀gbọ́n òun pa. Dádì ló fi ẹgba kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Dádì yìí kan náà ló sì tún fi ẹgba kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ purọ́ fáwọn. Mo dúró sí kíṣìnì, mo di fóònù mú, mi ò mọ èyí tí mo máa rú nínú òfin méjèèjì.

Mo ní, “Dádì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn yín.”

Wọ́n ní, “Ọmọ náà ò wá.”

“Rárá, sà.”

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, orúnkún, yẹ̀yẹ́ ọjà, etí odò. Mo sọ bí àwọn òǹkàwé ṣe pín sí méjì, pé àwọn kan ń bínú gidi gan-an, pé èmi ò tiẹ̀ mọ apá ibi tí mo wà.

“Kí ni wọ́n ń bínú sí? Ṣé wọ́n fẹ́ kó ti kú sójú ogun ni, kó má baà yọ wọ́n lẹ́nu?” Ohùn wọn le díẹ̀, ó sì tún rọ̀. “Ọmọ yẹn ò sì ṣẹ̀. Ta ló ń kọ́ ọmọ lọ́kọ̀ wíwà kó lè jókòó sílé? Bàbá mọ ohun tó ń ṣe. Ó kàn ń dùn ún ni.”

Wọ́n bi mí bóyá ìwé náà ti parí pátápátá. Mo ní ó ku ìwé kẹta.

“Ìgbà wo ló ń jáde?”

“A ò mọ̀, sà. Àwọn kan ní ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan ní ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Màá gbìyànjú láti dúró dè é.”

Mo sọ gbólóhùn yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà gan-an, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sunkún lórí fóònù, ohun tí mi ò gbọ́ rí. Àwa méjèèjì ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, a máa wà nílé ní Kérésì. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, a sì máa padà. Ìwé kẹta ò tíì jáde. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti tún gbóná, àwọn tó fẹ́ràn ọ̀wọ́ tuntun náà àtàwọn tó kórìíra rẹ̀ ti wá fohùn ṣọ̀kan wàyí, wọ́n ń bú òǹkọ̀wé pé ó ń fi nǹkan falẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀ bóyá kí n bá wọn bú u, tàbí kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó má kánjú, torí Dádì ṣì ń dúró dè é.